Píìnì Tó Wà Lára Lẹ́tà Dókítà

Fún ọdún mọ́kànlélógójì, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí píìnì nínú ilé Ivy Quested ní Deptford. Bí bọ́tìnnì bá já lára aṣọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ tó wà ní ìkóríta ló ń gbé e lọ, á sì sanwó fún ohun tí ọmọ ọdún méje lè ṣe. Hetty Loomes, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í jẹ́ kó simi.

"Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ to ìwé ìjọba jọ, kò lè rán bọ́tìnnì! Ó dáa tí o ò lọ́kọ. Ìhòòhò ni ọkùnrin yẹn ì bá máa rìn lọ síbi iṣẹ́."

Ivy á rẹ́rìn-ín, á sì gbé ojú kúrò. Ohun tí Hetty ò mọ̀ ni pé ó dá Ivy lójú pé píìnì kan ṣoṣo lòun fi pa Cyril, àbúrò òun. Cyril yìí náà ni àfẹ́sọ́nà Hetty. Ká ní kò kú ni, ìyàwó ilé ni Hetty ì bá jẹ́ fún Ivy, kì í ṣe arúgbó méjì tí wọ́n jọ ń sanwó èédú. Ivy kò sọ fún un rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ti Ivy kò bá a dákẹ́ rárá.

Ọdún 1927 lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ivy jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Whitehall tí mi ò ní dárúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí ọ̀rọ̀ kan bá fẹ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, fáìlì rẹ̀ lè nípọn tó búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbààgbà náà kò ráyè kà á tán. Nítorí náà, wọn a gé bébà kéékèèké, wọn a fi yíǹkì pupa kọ A, B, C sí i, wọn a wá fi píìnì gún un mọ́ ojú ewé tó ṣe pàtàkì. Àsíá ni wọ́n ń pè é. Ibi tí àsíá bá wà ni mínísítà ń ṣí. Ibi tí kò bá sí, Ọlọ́run nìkan ló ń kà á.

Òfin kan sì wà lórí píìnì náà. Nígbà kan rí, píìnì gún mínísítà kan níka, ó sì kọ̀wé ẹ̀sùn tó gùn ju èyí tó kọ lórí ogun lọ. Láti ìgbà náà, ẹnu píìnì kò gbọdọ̀ yọ síta. Ẹni tó bá ń lẹ àsíá gbọ́dọ̀ tì í padà sínú bébà kó sá pamọ́. Òfin yìí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ Ivy lọ́jọ́ tó débẹ̀, kí wọ́n tó fi ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà hàn án.

Alàgbà Noakes ló ń gbé àpótí fáìlì láti ọ́fíìsì wọn lọ sí yàrá ìgbìmọ̀. Sójà ni tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tiro, ẹnu rẹ̀ ò sì ní bùréèkì.

"Ọmọ mi, o rò pé wọ́n ń kà á?" ló máa ń wí. "Bí o bá fi ìwé oúnjẹ ọ̀sán sáàárín rẹ̀, òun nìkan ni wọ́n á rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Noakes, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ o."

"Kí wọ́n gbọ́ kí ni? Wọn ò gbọ́ tèmi nígbà tí mo gba ọta ìbọn, ṣé ìsinsìnyí ni wọ́n á wá gbọ́?"

Ní oṣù January ọdún náà, ìjọba kó sójà lọ sí Shanghai nílẹ̀ Ṣáínà kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, torí ogun abẹ́lé ń bọ̀ wá sí ìlú náà. Cyril, ọmọ ọdún méjìlélógún, wà lára wọn. Nígbà tí Ivy àti Hetty sìn ín dé etí ọkọ̀, ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń ṣe bí ẹni ń lọ gbafẹ́ létí òkun.

"Sìstá," ó ní, "ìwọ tó ń bá àwọn tó ń ránni lọ ṣiṣẹ́, bá mi sọ fún wọn o: tí wọ́n bá ti ránni lọ, kí wọ́n rántí ránni padà."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún," ni Ivy fèsì, ó sì tún kọ́là rẹ̀ ṣe fún un. Hetty ti ra aṣọ ìgbéyàwó sílẹ̀, funfun, ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbà tí oṣù April dé, ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ìgbìmọ̀ ni pé: ṣé kí wọ́n dá ọ̀wọ́ sójà tí Cyril wà nínú rẹ̀ padà sílé kí oòrùn tó mú, àbí kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dúró sínú àgọ́? Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n fi jiyàn. Àwọn kan ní owó ń lọ. Àwọn mìíràn ní báwọn bá kó sójà kan ṣoṣo kúrò, ará Ṣáínà á rò pé ẹ̀rù ń ba ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́bàá iná ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọjà tí àwọn àgbà yìí wà jìnnà sí orí ọmọ náà ní ẹgbẹ̀rún máìlì lọ́nà mẹ́fà.

Dókítà àwọn sójà ní Shanghai ti kọ lẹ́tà méjì. Nínú èyí tó kọ ní ìparí February, ó ní omi àgọ́ náà dára, ara àwọn ọmọ náà sì yá. Nínú èyí tó kọ lóṣù kan lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní omi odò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ti ń jò wọnú kànga, pé bí wọ́n bá fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn onígbáméjì á mú wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òkun, ó sì rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Ìkejì gba ojú irin ilẹ̀ Rọ́ṣíà kọjá, ó sì yára. Báyìí ni lẹ́tà tó kọ́kọ́ kúrò fi dé gbẹ̀yìn. Ní ọ́fíìsì Ivy, bí ìwé bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń tò ó sínú fáìlì. Èyí tó bá dé kẹ́yìn ló ń wà lókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wednesday kan, Ọ̀gbẹ́ni Thurlby, ọ̀gá Ivy, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, aago wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Míìsì Quested, fáìlì Ṣáínà, kíákíá. Àsíá A, B àti C ti wà níbẹ̀. Ẹ lẹ D mọ́ lẹ́tà tuntun tí dókítà kọ. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń jókòó."

"Ó ti dáa, sà."

Ivy ṣí fáìlì. Ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé dókítà lókè. Kò kà á, torí èyí tó wà lókè náà ni tuntun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí látọjọ́ tó ti débẹ̀. Ó gún àsíá D mọ́ ọn, ó ti ẹnu píìnì padà sínú bébà, ó tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i kó má bàa gún ẹnikẹ́ni níka. Noakes gbé àpótí lọ.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, ó jókòó láti fi àwọn ìwé tó dé lọ́sẹ̀ náà wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ìgbà náà ló rí, nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àti kókó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí bó bá ṣe dé, ọjọ́ tí dókítà kọ lẹ́tà méjèèjì. Lẹ́tà tó sọ pé omi dára ni òun lẹ àsíá mọ́. Èyí tó ń pariwo pé ikú ń bọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, láìní àmì kankan.

Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Noakes wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀ lórí àga.

"Níbo lò ń sáré lọ? Wọ́n ti jókòó. Àfi bí iná bá ń jólé."

"Bàbá Noakes, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Ọ̀gbẹ́ni Thurlby."

"Kí ló ṣe ojú ẹ báyìí? Ta ló kú?"

Kó tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí, Thurlby fúnra rẹ̀ sì jáde, ó ń wá bébà kan. Ó rí Ivy. "Míìsì Quested? Kí ló dé?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n lé ọmọbìnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ó fi lẹ́tà mínísítà kan ránṣẹ́ sí mínísítà mìíràn. Opó ni ìyá Ivy, owó oṣù Ivy ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì pa dà sẹ́yìn.

"Sà," ó ní, "mo ní ṣé kí n ní kí wọ́n kó èédú sí i wá ni."

"Ẹ má ṣèyọnu," ni Thurlby wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ kejì, fáìlì padà wálẹ̀. Ìpinnu ti wà lára èèpo rẹ̀: kí ọ̀wọ́ náà dúró. Ivy kò ṣí i. Ó gbé e bí ẹni gbé òkú ọmọ, ó tì í wọnú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì kó o lọ pẹ̀lú àwọn yòókù nígbà tó yá, lọ síbi tí ìjọba ń kó àṣírí rẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù August, wáyà dé sílé wọn. Onígbáméjì ló pa Cyril. Ó fi ọjọ́ méjì ṣàìsàn, wọ́n sì sin ín níbẹ̀. Ìyá wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Hetty ló sọ̀rọ̀. Láti ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti sáré wá, ìyẹ̀fun ṣì wà lórí irun rẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n dúró síbẹ̀?" ó bi Ivy. "Ìwọ wà níbẹ̀. Ta ni?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Ta ló ń jẹ́ Ìgbìmọ̀? Ṣé ó ní ìyá? Ṣé ó ń jẹun? Dárúkọ ẹnì kan fún mi, Ivy. Ẹyọ ẹnì kan péré tí mo lè máa ṣépè fún!"

Ivy ní orúkọ náà lẹ́nu. Orúkọ ara rẹ̀ ni. Ó gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Cyril kọ́kọ́ wá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, kẹ́túlù ń hó. Ivy gbójú sókè, ó rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kóòtù sójà lọ́rùn rẹ̀, fìlà lọ́wọ́. Omi ń kán lára rẹ̀, ilẹ̀ kò sì tutù. Ìka ọwọ́ Ivy ló ń wò, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, àwọn méjì tí èèyàn fi ń di píìnì mú. Nígbà tí ìyá wọn wọlé wá bu tíì, ó la àárín rẹ̀ kọjá.

Láti ọjọ́ náà, kò sí oṣù kan tí kò wá ní aago márùn-ún. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Ivy, nígbà tó yá ó di ìtìjú, nígbà tó tún yá ó di ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó kó gbogbo píìnì ilé sínú páànù, ó lọ dà wọ́n sínú odò Thames. Síbẹ̀ a máa rí wọn: ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan nínú bàtà, ọ̀kan nínú búrẹ́dì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin méjì wá fẹ́ ẹ. Ó kọ àwọn méjèèjì. Ìjọba kì í jẹ́ kí obìnrin tó bá lọ́kọ dúró sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ìyẹn ló sì sọ fún wọn pé òun ń rò. Irọ́ ni. Ó ń rò ó pé ẹni tó gba ọkọ lọ́wọ́ Hetty kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní tirẹ̀.

Ìyá wọn kú ní 1931, Hetty sì kó wá sínú ilé náà kí owó ilé lè fúyẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí Cyril, Hetty á gbé ife kẹta sórí tábìlì, á bu tíì sí i. Kò mọ̀ pé ẹni tó ń bu tíì fún dúró sẹ́yìn òun. Ogun Hitler dé, bọ́ǹbù wó ilé tó kọjú sí tiwọn. Cyril ń wá láàárín èéfín, ọmọ ọdún méjìlélógún ni síbẹ̀, irun Ivy sì ti ń funfun. Thurlby kú, Noakes ti kú ṣáájú rẹ̀. Ivy fẹ̀yìn tì ní 1963, wọ́n fún un ní aago kan tí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968, ó kà á nínú ìwé ìròyìn pé ìjọba ti ṣí àwọn fáìlì tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, pé ẹnikẹ́ni lè wá kà á. Bó ṣe gbé ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, Cyril ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe ìka ló ń wò, ojú rẹ̀ ni.

"Mo ti gbọ́," ni Ivy wí.

"Kí lo gbọ́?" ni Hetty bi í láti kíṣìnnì.

Ó sọ fún Hetty pé òun ń lọ wo dókítà eyín. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chancery Lane, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba sí. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní pẹ́ńsù. Ọmọkùnrin tó gbé fáìlì wá kéré sí fáìlì náà ní ogún ọdún.

"Ẹ rọra ṣí i, Mà. Ó ti gbó díẹ̀."

"Èmi náà," ni Ivy fèsì.

Ó mọ ohun tó wá wò. Ó fẹ́ rí ibi tí mínísítà ti fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ "omi náà dára". Ó fẹ́ rí i kedere, kó wá lè lọ sílé lọ jẹ́wọ́ fún Hetty kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Ó ṣí àsíá A: eérú sìgá wà lójú ewé náà, ẹnì kan sì ti ya ajá sí etí rẹ̀, ajá tó dára gan-an. Ó ṣí B: àmì ife wà lára rẹ̀. Nígbà tó dé C, ojú ewé náà mọ́ tónítóní. Ó dé D, ó rí yíǹkì pupa tirẹ̀, D náà tẹ̀ sápá kan díẹ̀ nítorí ìkánjú.

Píìnì náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti dípẹtà. Nínú ìkánjú ọjọ́ náà, níbi tó ti ń fi ẹnu píìnì pamọ́, Ivy ti gún un la gbogbo ewé lẹ́tà náà kọjá bọ́ sínú lẹ́tà kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tún fà á padà, ó rán wọn pọ̀ bí ẹni rán àpò. Bí èèyàn ò bá kọ́kọ́ yọ píìnì, kò lè ṣí lẹ́tà náà kọjá ìkíni tó wà lójú ewé àkọ́kọ́, kò sì lè dé èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ ọ́. Ìpẹtà rẹ̀ ti ya ilà pupa rẹ́súrẹ́sú sára lẹ́tà méjèèjì, ihò kan ló wọlé, ihò kan ló jáde, kò sí òmíràn.

Wọn ò ka lẹ́tà tó dára. Wọn ò ka èyí tí kò dára. Ká ní ó tilẹ̀ lẹ àsíá D mọ́ ibi tó yẹ, ajá ni wọ́n ì bá máa yà.

Ó wá àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ náà. Ìlà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Ṣáínà gbà: kí ọ̀wọ́ náà dúró, nítorí bí yóò ṣe rí lójú ayé. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni ti ààrò yàrá ìgbìmọ̀ tó ń rú èéfín. Ìyẹn gba ojú ewé kan àbọ̀.

Ó ti rò pé ara máa fúyẹ́ òun bí irú ọjọ́ yìí bá dé. Kò fúyẹ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan jí ohun tó ti ń gbé kiri láti ọdún yìí wá, tí kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin náà, ó fi píìnì hàn án.

"Háà, ẹ má da ara yín láàmú, Mà, a máa ń yọ wọn dànù ni. Wọ́n ń ba bébà jẹ́." Ó fi irin kékeré kan yọ ọ́, ó sì gbé e sórí tábìlì. Nígbà tó yíjú, Ivy dì í sínú áńkáṣíìfù.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ nígbà tó délé. Hetty ti gbé tíì kaná.

"Ṣé wọ́n yọ ọ́?" ni Hetty bi í.

Ivy jókòó, kò bọ́ kóòtù. Ó tú áńkáṣíìfù, ó gbé píìnì náà sáàárín ife méjèèjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: lẹ́tà méjì, àsíá D, ẹnu ọ̀nà ìgbìmọ̀, èédú, ọdún mọ́kànlélógójì, Cyril lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ajá. Hetty kò dá a dúró. Kẹ́túlù hó títí, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò lórí iná.

"Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ," ni Hetty wí nígbẹ̀yìn.

"Kì í ṣe èmi. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Wọn ò tiẹ̀ ṣí i, Hetty."

Hetty mú píìnì náà, ó yí i lójú ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ì bá dáa kó jẹ́ ìwọ," ó ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ì bá dáa kó jẹ́ pé ìwọ lo pa á, Ivy. Mo ṣáà mọ orúkọ tìrẹ."

Ó dìde, ó gbé kẹ́túlù kúrò lórí iná. Ó mú ife kẹta wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ ìbí Cyril, ó bu tíì sí i. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Aago márùn-ún lù. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí tíì inú ife náà fi tutù, Cyril kò sì wá.